Ẹnu Ọ̀kan sí Etí Èkejì

Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa gbé èso wá bá obìnrin. Òkú kọ̀ǹpútà ni Adéolú gbé wá bá Sùlíyá.

Ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà dì mú, ó sì ń làágùn bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé ní òpópónà Ọba Akran, n'Ìkẹjà. Sùlíyá ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó lẹ́ẹ̀dì sára bọ́ọ̀dù kan. Ó gbójú sókè, ó wo ẹrù, ó wo ẹlẹ́rù.

"Ẹ káàsán o. Ọmọ ni àbí ẹrù?"

"Bàbá mi ni," ọkùnrin náà dáhùn, ó ń mí hẹlẹ.

"Háà! Ẹ rọra gbé wọn kalẹ̀ nígbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lulẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Sùlíyá rí ìyẹn lójú rẹ̀, torí ẹni tí ìbànújẹ́ ti bá gbélé rí kì í ṣàì dá a mọ̀ lójú ẹlòmíràn.

Ó tú ìró náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, irú èyí tí ojú àti ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tó rí gbìǹdìn bí àpótí búrẹ́dì.

"Wọn kò tíì bí mi nígbà tí wọ́n ṣe èyí," Sùlíyá sọ.

"Gbogbo Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà, ni mo ti gbé e kiri. Àwọn kan ní kí n lọ tà á fún àwọn tó ń ra páǹtí irin. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun á bá mi sọ ọ́ di ilé ẹyẹlé."

"Ẹ má dá wọn lóhùn. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ohùn ọkùnrin náà ti yí padà. Ó ní bàbá òun, Bàbá Ọláwọlé, ló ń to lẹ́tà nílé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan n'Ìkẹjà níbí, títí ilé-iṣẹ́ náà fi wó. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tó ń lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìsinmi rẹ̀ ló fi ń lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ń jókòó ti àwọn ìyá arúgbó, ó ń gba oríkì ìdílé lẹ́nu wọn, bó bá dé ilé, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti lọ tán pátá. Oríkì tó gbẹ̀yìn, ti ìyàwó rẹ̀ ni, ìyá Adéolú, èyí tó fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n sin obìnrin náà tán. Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Ó ní òun á kà á lọ́jọ́ tí ìwé náà bá jáde. Kí ìwé tó jáde, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀, ó wá gba ohùn pẹ̀lú.

"Dókítà ní kí á máa múra sílẹ̀," Adéolú sọ. "Mo fẹ́ kí Bàbá mi gbọ́ oríkì Màámi kí wọ́n tó lọ bá wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Sùlíyá tan ẹ̀rọ náà wò. Ó ké, ó gbọ̀n, ó tàn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́ nínú. Ìlà tó wà lókè pátápátá nìkan ló ṣì ń hàn, ìyókù ṣókùnkùn biribiri. Orúkọ kò sí lára àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀, nọ́ńbà ni Bàbá fi pe gbogbo wọn. Kò sí ibi tí èèyàn lè ki fláàṣì bọ̀ lára rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ òde òní kankan tó mọ èdè rẹ̀.

Obìnrin náà yí i sẹ́yìn, ó tọ́ka sí ihò kan tó ní eyín wẹ́wẹ́ nínú.

"Séríà nìyí," ó sọ. "Ihò yìí nìkan ni ẹnu tó kù fún wọn. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, wọ́n á tibẹ̀ sọ ọ́."

Adéolú fọwọ́ kan ihò náà. Ó ní kó bá òun gbìyànjú.

Bí Sùlíyá ṣe di ẹni tó ń lọ sí ilé Bàbá Ọláwọlé ní Onígbòǹgbò nìyẹn. Torí nígbà tí ẹ̀rọ náà kò sí nílé, Bàbá kọ oúnjẹ. Ó kọjú sí àyè tó ṣófo lórí tábìlì, omi ń dà lójú rẹ̀. Bí ẹrù kò bá lè jókòó ti oníṣẹ́, oníṣẹ́ a tọ ẹrù lọ. Sùlíyá nu inú rẹ̀, ó pààrọ̀ ohun tó ti jó níbẹ̀, wọ́n gbé e padà sí yàrá Bàbá. Bó bá ti di Sátidé, á ti Agége wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti darúgbó, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, nínú báàgì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìkẹyìn tó ṣì ní ihò séríà lára.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Sùlíyá lorúkọ mi. Mo wá gbọ́ ohun tí ẹ ní í sọ."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó gbé e lé orí hìjáàbù rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Wáyà tó fẹ́ fi so wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Adéolú jókòó tì í, ó ń wò ó.

"Wáyà mélòó ló wà nínú ìyẹn?"

"Mẹ́ta péré. Èyí ni ẹnu ẹ̀rọ Bàbá, mo so ó mọ́ etí tèmi. Èyí lẹnu tèmi, mo so ó mọ́ etí tiwọn. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé."

"Bí èèyàn bá wá ṣèèṣì so ẹnu mọ́ ẹnu ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ni?"

"Ilé tiwa gan-an nìyẹn," Adéolú sọ, ó sì rẹ́rìn-ín kíkorò.

Ohun tó kọ́kọ́ wọlé, wúruwùru ni. Adéolú ti ń di orí mú.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ mi ló ń sáré jù. Àgbà ni tiyín, ẹ jẹ́ ká rọra bá wọn rìn."

Ó dín eré tirẹ̀ kù. Ó tún dín in kù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka èèrà, tí ó sì mọ́gbọ́n wá. Adéolú tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè fún bàbá rẹ̀:

"Ọmọ odò tí kì í ké,
tó ń gbé ọkọ̀ ńlá lọ láìmí hẹlẹ.
Ọmọ a-jí-má-pariwo,
síbẹ̀ agbo ilé mọ̀ pé ìyá ti jí.
Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ pè é lómùgọ̀,
ilẹ̀ tó dákẹ́ ló gbé òkè dúró."

Ọwọ́ òsì Bàbá ń lu ibùsùn, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ó mi orí. Kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀. Ó ṣì ń dúró de tirẹ̀.

Òfin méjì ni Sùlíyá fi lélẹ̀. Àkọ́kọ́: díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa rán an, torí ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ bí a ti ń dúró de ẹni tí kò tíì gbọ́. Ẹnì kan á jókòó sídìí ẹ̀rọ Bàbá, ẹnì kejì sídìí èyí tó ń gbà. Ẹni tó rán an á wí pé, "Mo rán an o." Ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ dáhùn títí á fi rí i pé iye tó jáde ni iye tó wọlé. Bó bá pé, á ní, "Ó ti wọlé." Bí kò bá pé, wọ́n á tún un rán.

Èkejì: "Inú ìkòkò kan ni kí àwọn méjèèjì ti máa jẹun. Ẹkisitẹ́ńṣàn kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń jẹ iná Nẹ́pà, tí èkejì ń jẹ ti jẹnẹrétọ̀, tí wáyà yìí sì wà láàárín wọn, iná á gba ojú wáyà yìí wá ara rẹ̀ kiri. Á pa wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ẹ̀ńjiníà."

Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ń wí pé "Mo rán an o", ẹnì kan ń wí pé "Ó ti wọlé", láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀, nǹkan mìíràn ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. "Ẹ" di "o". "Ẹ̀ńjiníà" di orúkọ mìíràn.

"Kí ni oríkì rẹ?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Àjíkẹ́. Kò sẹ́ni tó fi pè mí mọ́ látìgbà tí Bàbá mi ti kú."

"Àjíkẹ́," Adéolú pè é, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. "Àjíkẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àjíkẹ́ tó fún ẹ̀rọ tó yadi lóhùn. Àjíkẹ́ tèmi."

"Ta ni tìẹ níbẹ̀?" Ó ń ṣe bí ẹni tó bínú, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí kò yẹ ló tẹ̀. "Rán iṣẹ́ tó kàn, jọ̀ọ́."

"Mo ti rán an."

Sùlíyá gbójú sókè. "Ó ti wọlé," ó sọ, kò sì wo ẹ̀rọ nígbà tó sọ ọ́.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ l'Órílé Agége, ìyá náà pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Sùlíyá! Gbogbo ọkùnrin tó wà ní mọ́ṣáláṣí wa, o kò rí ọ̀kan. Ó wá di Ìjẹ̀bú oníṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé á jẹ́ kó o máa kírun?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ́ ẹní fún mi, Màámi. Ó ti mọ apá ibi tí mò ń kọjú sí."

Ìyá rẹ̀ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Ẹni tó mọ ibi tí o ń kọjú sí, ó dáa ká rí òun náà lójú. Sọ fún un kó wá."

Adéolú ní òun á wá. Ó ní kí àwọn jẹ́ kí iṣẹ́ Bàbá parí ná, kí òun lè wá pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́.

Ẹnì kan wà tí kò fẹ́. Moyọ̀sọ́lá ni, ẹ̀gbọ́n Adéolú obìnrin, tó ń gbé ní GRA. Òun ló ń bójú tó ìtọ́jú Bàbá, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń kẹ́yìn nínú ilé náà. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dírẹ́fà rẹ̀ gbé èso tẹ̀lé e. Ó rí ẹní ìkírun lẹ́bàá ògiri, ó wò ó bí ẹni wo eku.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ẹlẹ́rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé hìjáàbù yìí lẹ fi ń wo inú ẹ̀rọ ni?"

"Rárá o, Àǹtí," Sùlíyá dáhùn, ó fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀. "Orí ni mo fi ń wò ó. Hìjáàbù kàn bò ó ni."

Adéolú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mọ́tò Àǹtí Moyọ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni.

Iṣẹ́ náà ti kọjá ìdajì lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni èémí Bàbá ti ń wọ́. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní kí wọ́n pe àwọn mọ̀lẹ́bí. Moyọ̀sọ́lá ti wà lójú ọ̀nà. Adéolú jókòó sídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àjíkẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá lọ láìgbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. A ti sún mọ́ ọn. Rán èyí tó kàn, ayọ̀ mi."

"Mo rán an o..."

Nẹ́pà mú iná lọ. Ojú ẹ̀rọ méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù Bàbá nìkan ló ń yí, torí ó wà lórí ínfátà kékeré tí wọ́n rà fún un.

Sùlíyá mí kanlẹ̀. Àkókò ìrun Àlásárì ti tó. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan," ó sọ fún un. "Jẹ́ kí n kírun kí n sì bẹ Ọlọ́run fún wa. Bí iná ò bá tíì dé nígbà tí mo bá ṣe tán, a ó gbé méjèèjì lọ sórí jẹnẹrétọ̀ kan pa pọ̀."

Ó mú ẹní, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó yẹ kó yọ wáyà àárín náà kó tó lọ. Kò yọ ọ́. Ó gbọ́kàn lé ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Ó wà lórí ìforíkanlẹ̀ nígbà tí òórùn ohun tó ń jó dé sí i nímú.

Nígbà tó sáré wọlé, èéfín ti gba àjà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Adéolú ti ki kọ̀ǹpútà alágbèéká bọ ínfátà Bàbá. Ínfátà náà kò lágbára tó lè gbé ẹ̀rọ àtijọ́, ó bá lọ na wáyà gba ojú fèrèsé láti ara jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé, aránṣọ tó wà nílé kejì. Ìkòkò méjì. Wáyà Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé sì nìyẹn, àdúgbò mọ̀ pé iná rẹ̀ máa ń gbé èèyàn.

"Mo fẹ́ kó yá ni," Adéolú sọ. "Bàbá mí lẹ́ẹ̀kan, wọn ò mí mọ́, wọ́n tún mí. Mo rò pé... Àjíkẹ́, mo kàn fẹ́ kó yá ni."

Sùlíyá ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Bọ́ọ̀dù dúdú bí èédú. Iná ti dé ibi tí iṣẹ́ Bàbá wà gan-an. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó gbóná. Gbogbo àwọn ìyá arúgbó tó kù síbẹ̀, àti ìyá Adéolú, wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ó gbójú sókè. Bàbá ń wò wọ́n. Ojú rẹ̀ là kedere. Láti orí ibùsùn yẹn, kò sí ohun tí kò rí: ó rí i nígbà tí ọmọ rẹ̀ na wáyà, ó rí i nígbà tó kì í bọ ihò iná, ó sì rí èéfín.

Ìgbà náà ni Moyọ̀sọ́lá wọlé.

"Kí ló ń jó? Kí ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ yìí? Ẹ̀rọ Bàbá! Ta ló bà á jẹ́?"

Ó wo Sùlíyá, ó wo Adéolú.

Àṣà kan wà tí bàbá Sùlíyá fi kọ́ ọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé oníbàárà, oníṣẹ́ kì í nàka sí ará ilé. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ wí pé, "Ọwọ́ mi ló wà." Onílé tó bá mọ ẹ̀tọ́ ni yóò sọ pé, "Rárá, kì í ṣe ìwọ." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kò mọ òmíràn.

"Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà wà, Àǹtí," Sùlíyá sọ. Ó sì yíjú sí Adéolú, ó ń dúró.

Adéolú ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀!" Moyọ̀sọ́lá bú jáde. "Mo mọ̀! Níbo lo wà nígbà tó ń jó? Mo rí ẹní rẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ ń jó, ìwọ ń forí kanlẹ̀! Ẹ̀sìn ọ̀lẹ! Ọ̀nà ọkọ lo rò pé o fi ẹ̀rọ là, o ti wá fi pa iṣẹ́ ayé bàbá mi. Déolú, ṣé o rí ohun tí mo ń sọ fún ọ?"

Sùlíyá ṣì ń wo ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ kan péré. Kó tiẹ̀ ní, "Àǹtí, ó tó." Ó ń rán an sí i pẹ̀lú ojú, kò sí èsì.

Lórí ibùsùn, ọwọ́ òsì Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi ibùsùn, kò lù ú pẹ́lẹ́ mọ́. Ó ń lù ú gbà! gbà! Ó ń gbìyànjú láti na ìka. Ohùn kan ń jáde lọ́fun rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

"Ẹ wò ó, ara ń ni wọ́n!" Moyọ̀sọ́lá ké. "Jáde! Jáde nílé wa kó o má bàa pa wọ́n tán!"

Sùlíyá kó ẹrù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí Bàbá. Bàbá gbá a lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ló já ọwọ́ náà gbà.

Adéolú wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn. Ó wólẹ̀.

"Àjíkẹ́, dárí jì mí. Ẹnu mi wúwo. Mo fẹ́ kí ara Bàbá le díẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn gan-an ló sun ún, wọ́n á kú."

"Bàbá rí ọ, Déolú."

Ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Wọ́n rí ọ. Igi ibùsùn tí wọ́n ń lù, ìwọ ni wọ́n ń pè. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kò sì lè sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń jókòó tì wọ́n, tó ń gégùn-ún fún mi, tí ìwọ wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá ní gbọ́ oríkì Màámi rẹ mọ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ. Ìyẹn nìkan ló kù tí o lè fún wọn."

Omi ń dà lójú ọkùnrin náà. "Ọjọ́ Àìkú. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí."

"Má fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Lọ sọ ọ́."

Sùlíyá tẹ ìdajì tó ti wọlé, tó ti kó sínú fláàṣì tẹ́lẹ̀, jáde lórí bébà, ó dì í, ó fi fún un kó lọ máa kà á fún Bàbá. Adéolú kà á. Bàbá kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú dé. Moyọ̀sọ́lá kó ọkọ àti ọmọ wá, ilé kún, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n gbàdúrà. Adéolú dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jókòó. Ó ní ó di ọ̀la, nígbà tí èrò bá ti dín kù. Ẹni tó ń sún òtítọ́ síwájú, ó dà bí ẹni tó ń sun ilé. Bó pẹ́ bó yá, kò ní í ríbi sùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Bàbá Ọláwọlé ti lọ.

Sùlíyá lọ síbi ìsìnkú. Ẹ̀yìn pátá ló dúró sí, lábẹ́ igi kan níta ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń gbọ́ gbohùngbohùn. Ó gbọ́ nígbà tí Moyọ̀sọ́lá ń ka nínú oríkì tí bàbá wọn kó jọ. Ohùn obìnrin náà dùn, bí kò bá jẹ́ ohun tó fi parí rẹ̀.

"Ìdajì nìyí. Ìdajì yòókù, àti ti ìyá wa, ẹnì kan tí a gbà sílé ló fi àìbìkítà sun ún. Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Àwọn èèyàn ń kùn. Lẹ́yìn náà ni ariwo bàtà, àti ohùn tí Sùlíyá mọ̀ jù lọ láyé.

"Irọ́ ni," Adéolú sọ sínú gbohùngbohùn. "Èmi ni. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án. Ó ń kírun fún wa lọ́wọ́ ni. Èmi ni mo sun oríkì ìyá mi, mo sì jẹ́ kí ẹ bú ẹlòmíràn. Ó gbà á mọ́ra, mo sì dákẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi..." Ó da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹkún gbé e, kò parí rẹ̀.

Lábẹ́ igi yẹn, Sùlíyá bo ojú. Ó sunkún fún un, ó sunkún fún Bàbá. Ìfẹ́ tó ní sí ọkùnrin náà kò kú lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìfẹ́ máa ń kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò fẹ́ èèyàn rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan pósí náà pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìró òòlù náà sì wà létí rẹ̀ títí ó fi dé Agége.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ọ̀fọ̀ tán, Adéolú wá sí Orílé Agége. Ó ti rù kan egungun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá Sùlíyá, ìyá náà dìde, ó wọlé lọ, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí Moyọ̀ ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́," ó sọ. "Òun fúnra rẹ̀ á wá. Kò sí ìdènà mọ́, Àjíkẹ́. Gbogbo ilé ti gbà. Mo wá sọ fún Màámi pé mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Sùlíyá jókòó tì í. Ó fi ẹ̀gbẹ́ hìjáàbù rẹ̀ nu ojú ọkùnrin náà, bí ẹni nu ojú ọmọdé.

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo wà níbẹ̀. Mo sì ti dárí jì ọ́, látọkàn wá. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyẹn gbé ọ lọ́kàn mọ́."

"Nígbà náà..."

"Bàbá ló yẹ kó gbọ́ ọ. O sọ ọ́ fún gbogbo ayé nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo tó ń dúró dè é kò lè gbọ́ mọ́. Mo rò ó lóru, mo rò ó lọ́sàn-án. Ilé ọkọ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ á wáyé. Ẹbí rẹ, ẹ̀sìn mi, àwọn ọmọ. Ọjọ́ kan á wá tó máa ku ẹnu rẹ nìkan láàárín èmi àti wọn. Déolú, mi ò ní lè sinmi. Màá máa wo ẹnu rẹ lójoojúmọ́ ayé mi."

"Mo ti kọ́gbọ́n. Mo fi ọjọ́ ayé mi..."

"Mo mọ̀. Ẹlòmíràn ló máa jẹ àǹfààní ọgbọ́n yẹn."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ní òpópónà, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ń dún lọ. Adéolú di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó dìde, Sùlíyá dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ṣàdúrà fún un.

"Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," Adéolú dáhùn, orí rẹ̀ tẹ̀ba.

"Á tu ìwọ àti Àǹtí nínú."

"Àmín."

"Kò ní jẹ́ kí o tún rí irú rẹ̀ mọ́."

"Àmín o."

"Á sì fún ọ ní aya rere, èyí tí ẹnu rẹ kò ní wúwo láti gbèjà."

"Àmín," Adéolú sọ.

Ó sọ ọ́ kó tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Ó gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ó la ẹnu, ó fẹ́ kó o padà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ìyá Sùlíyá, tí kò gbọ́ ju òpin àdúrà náà lọ, ti fi ohùn rara gbè é:

"Àmín, àmín o! Láṣẹ Ọlọ́run!"